Kọ Ọ́ Bí Ó Ti Rí: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Dá Iṣẹ́ Ìtọ́jú Ìwé Owó Sílẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí kò tíì pẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tọ̀ wá wá ní ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́. Ó jókòó lórí àga kékeré tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ lérán fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ó ti parí ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ní ilé-ìwé gíga. Ó ti kọ ìwé ìwáṣẹ́ sí Adó, sí Àkúrẹ́ àti sí Èkó, títí ìka ọwọ́ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ bó. Kò sì sí ẹnìkan tí ó dá a lóhùn. Ó wá bi wá léèrè pé: "Bàbá, ǹjẹ́ ènìyàn lè máa tọ́jú ìwé owó fún àwọn oníṣòwò ìlú wa yìí, kí ó sì máa rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ nínú rẹ̀, láìní ọ̀gá kan tí ń san owó oṣù fún un?"

A wí fún un pé ó ṣeé ṣe, a sì sọ díẹ̀ fún un nínú ohun tí a mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lọ tán, ọkàn wa kò balẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a sọ fún un, tí ìtìjú kò jẹ́ kí a sọ. Ní ọ̀sẹ̀ yìí ni a fẹ́ sọ ọ́, fún òun àti fún gbogbo ọmọ tí ó bá ń ronú bí tirẹ̀, àti fún àwọn òbí tí ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ tí kò bá ní owó oṣù kì í ṣe iṣẹ́.

Kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí a wà. Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀, kí ó sì ti Ìsẹ̀ kọjá sí Èmùré, yóò rí ohun tí ń mú owó wọlé ní ọ̀tún àti ní òsì. Yóò rí àwọn tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, pẹ̀lú òṣùwọ̀n wọn lẹ́nu ọ̀nà. Yóò rí àwọn tí ń la gẹdú àti àwọn tí ń ta pákó. Àwọn tí ń fún epo pupa, àwọn tí ń yan gàrí, àwọn tí ń ta ìrẹsì àti sìmẹ́ǹtì, àwọn tí ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ti ara wọn, àwọn tí ń ta oògùn, àti àwọn tí ń fi ẹ̀rọ POS sanwó fún ènìyàn lábẹ́ agboòrùn. Gbogbo wọn ni ń ka owó láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bi púpọ̀ nínú wọn pé, "Èló ni ẹ jèrè ní oṣù tí ó kọjá?" wọn yóò gbé ojú sókè ọ̀run, wọn yóò sì wí pé, "A dúpẹ́." Ọpẹ́ dára, ṣùgbọ́n ọpẹ́ kì í ṣe ìṣirò.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ìṣirò. Àwọn ìyá wa tí kò mọ̀ọ́kọ a máa fa ìlà sí ara ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún olúkúlùkù ẹni tí ó bá ra ọjà láwìn. Bí onítọ̀hún bá san, wọn a pa ìlà náà rẹ́. Ẹgbẹ́ èésú a máa dá owó jọ, kò sì sí ẹni tí í gbàgbé ẹni tí ó kàn láti kó. Alájọ náà ní káàdì tí ó ń fàmì sí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹlòmíràn jẹ wá nìkan ni ìlà ara ògiri ń sọ. Kò lè sọ ohun tí àwa náà jẹ ẹlòmíràn. Kò lè sọ iye tí ọjà inú ilé tó. Kò sì lè sọ bóyá èrè ni a ń jẹ tàbí ojú owó. Iṣẹ́ tí a fi sílẹ̀ fún akọ̀wé nìyẹn.

Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí sì dúró lórí ọ̀rọ̀ kan: ohunkóhun kì í jáde kí ohun mìíràn má ṣe wọlé dípò rẹ̀, ojú méjèèjì ni a sì gbọ́dọ̀ kọ. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé, tí ó kú ní nǹkan bí 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ Ògògà sí ara rẹ̀ lórí ìtẹ́, ó sì gbẹ́ òyìnbó aláṣẹ tí àwọn ènìyàn rù wá láti kí ọba. Ní 1924 a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá tí a ṣe ní Wembley ní Lọ́ńdọ́nù. Àwọn alákòóso Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i, wọ́n sì fẹ́ kí ó di tiwọn. Ògògà kò gba owó lórí rẹ̀. Ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dípò rẹ̀. Bí akọ̀wé ìwé owó bá jókòó ní ààfin ní ọjọ́ náà, ìlà méjì ni ìbá kọ: ilẹ̀kùn jáde, ìtẹ́ wọlé. Bí ó bá kọ ọ̀kan tí ó sì fi èkejì sílẹ̀, ẹni tí ó bá ka ìwé náà lọ́la yóò rò pé a ja ọba lólè, tàbí pé ọba gba ìtẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìlànà ojú méjì yìí ni àwọn oníṣòwò ìlú Fẹ́nísì ní ilẹ̀ Ítálì ń lò nígbà àtijọ́, tí ẹni ìjọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Luca Pacioli sì ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1494. Ohun tí ó kọ nígbà náà ni ìpìlẹ̀ ohun tí a ń kọ títí di òní. Bí a fi kálámù kọ ọ́ tàbí a fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́, ojú méjì náà kò yí padà.

Ẹ má sì ṣe rò pé ohun tuntun ni kí ọmọ ilẹ̀ wa dá dúró nínú iṣẹ́ yìí. Olóògbé Akíntọ́lá Williams, tí a bí ní 1919, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó yege di akántáǹtì tí a fi àṣẹ sí, ní 1949, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó padà wálé ní 1950, ìjọba gbà á sí ẹ̀ka owó orí. Ẹ rántí ohun tí iṣẹ́ ìjọba jẹ́ ní ayé ìgbà náà: àwọn ènìyàn a máa fi í búra. Síbẹ̀, ní 1952 ó fi í sílẹ̀, ó sì ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀ ní Èkó. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣirò owó ti àwọn òyìnbó ni ó ń bójú tó ìwé àwọn kóńpìnnì ńlá. Kò lọ bá wọn du èyí. Ó yí ojú sí àwọn oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ wa: sí ìwé ìròyìn West African Pilot ti Nnamdi Azikiwe, sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti Ojukwu, àti sí ilé-iṣẹ́ àga òun tábìlì ti Fawehinmi. Ọdún márùn-ún kọjá kí ó tó ní alábàáṣe àkọ́kọ́, ní 1957. Ó wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ títí a fi dá ẹgbẹ́ àwọn akántáǹtì tí a ń pè ní ICAN sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1965. Nígbà tí ó sì kú ní 2023, ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rùn-ún, ilé-iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ wà lára àwọn tí ó tóbi jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò di Akíntọ́lá Williams. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà bẹ̀rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ọmọ Ìkẹ́rẹ́ àti ọmọ Èmùré: ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tí àwọn ẹni ńlá ń kọjá lára wọn. Àwọn bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní ọjà wa.

Nígbà tí àwa náà fi iṣẹ́ akọ̀wé ọ́fíìsì sílẹ̀, tábìlì kan, ìwé ńlá mẹ́ta, rúlà kan àti ẹ̀rọ ìṣirò kékeré kan ni gbogbo ohun tí a ní. Oníbàárà wa àkọ́kọ́ ni ìyá kan tí ń ta ìrẹsì ní Ìkẹ́rẹ́. Ìsọ̀ rẹ̀ kì í dá. Nítorí náà ni òun àti gbogbo àdúgbò ṣe gbà pé ọjà ń tà. A kọ ìwé rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, a sì jókòó tì í láti ka ohun tí a rí. Ọjà tí ó tà jẹ́ ₦1,500,000. Iye tí ó ra ọjà náà jẹ́ ₦1,290,000. Owó ọkọ̀, owó ìsọ̀ àti owó alábàárù jẹ́ ₦96,000. Èrè tí ó kù jẹ́ ₦114,000. Ṣùgbọ́n owó tí ó mú nínú àpótí ọjà, fún owó ilé-ìwé ọmọ, fún aṣọ ẹbí àti fún ìnáwó àná, jẹ́ ₦171,000. Nítorí náà, láàrin oṣù mẹ́ta, ó ti jẹ ₦57,000 nínú ojú owó rẹ̀.

Ìyá náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé èmi ni olè tí ń ja ara mi?" A wí fún un pé kò jalè, kò kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń san owó iṣẹ́ fún ara rẹ̀ ní oṣooṣù, kò sì tún fi ọwọ́ kan àpótí ọjà. A kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ ní gbangba ọjà, tí ó sì gbà wá láyè láti kọ ọ́ síhìn-ín. Àwọn obìnrin méjì tí ìsọ̀ wọn kan tirẹ̀ sì tọ̀ wá wá kí oṣù náà tó parí. Báyìí ni oníbàárà ṣe ń wá fún ẹni tí ó dá dúró. Pátákó ẹnu ọ̀nà kì í pe ènìyàn tó ẹnu ẹni tí a ṣe iṣẹ́ rere fún.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ ni ó dùn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kan náà a tọ́jú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kan fún oṣù mẹ́rin láìsọ iye owó tí a ó gbà, nítorí pé ojú ń tì wá láti dárúkọ owó fún ẹni tí a jọ ń jókòó ní ìjókòó kan náà. Nígbà tí a béèrè, ó yà á lẹ́nu gidigidi. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin náà ń gba owó lọ́wọ́ ará?" Ó fún wa ní iṣu mẹ́wàá, ó sì gbàdúrà fún wa. Iṣu náà dára. Ṣùgbọ́n a kò lè fi iṣu san owó ilé. A kò dá a lẹ́bi, nítorí pé kò dá májẹ̀mú kankan tí ó dà. Àwa ni a kò bá a dá.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí a kò lè sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà nìyí. Ní ọdún kejì tí a bẹ̀rẹ̀, alágbàtà kòkó kan ní Ìsẹ̀, àgbàlagbà tí gbogbo ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún, fi ìwé rẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Ó yẹ kí ẹ mọ bí òwò yìí ti rí. Títí di 1986, ìgbìmọ̀ ìjọba ni ó ń ṣe àkóso kòkó tí ó sì ń sọ iye tí a ó rà á. Láti ìgbà tí a ti tú ìgbìmọ̀ náà ká, olúkúlùkù ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró. Alágbàtà yóò gba owó ìṣáájú lọ́wọ́ àwọn tí ó tóbi jù ú lọ, yóò pín in fún àwọn àgbẹ̀ kí kòkó tó gbó, yóò sì máa gba kòkó dípò rẹ̀ nígbà ìkórè. Owó àwọn tí ó gbé e lé e lọ́wọ́, owó tirẹ̀ àti owó àgbẹ̀ yóò wà nínú àpò kan. Ìwé nìkan ni ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, Bàbá náà ka ₦400,000 lé wa lọ́wọ́, pé kí a bá òun san án sí báńkì ní Ìkẹ́rẹ́ ní ọjọ́ Ajé, níwọ̀n bí a ti ń padà sílé. Kò yẹ kí a gbà á. Iṣẹ́ tiwa ni kí a kọ owó. Gbígbé owó kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú wa dùn pé irú àgbà bẹ́ẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé wa. A gbà á, a sì fi í sínú àpótí wa.

Ní òru ọjọ́ Àbámẹ́ta, ara ọmọ wa obìnrin gbóná gidigidi, gìrì sì mú un. A gbé e dé ilé ìwòsàn. Owó tí ó wà lọ́wọ́ wa kò tó ohun tí a ó san. A sáré padà sílé, a ṣí àpótí, a sì mú ₦45,000 nínú owó Bàbá. A kò pè é ní olè jíjà. A wí fún ara wa pé a yá a ni. Ara ọmọ yá. Ní ọjọ́ Ajé a san ₦355,000 sí báńkì; ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí oníbàárà mìíràn san owó iṣẹ́ wa, a san ₦45,000 tí ó kù. Owó pé. Kò sì sí ẹni tí ó mọ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé mọ̀. Nígbà tí a jókòó láti kọ ìṣirò ọ̀sẹ̀ náà, ìwé ẹ̀rí báńkì méjì wà níwájú wa pẹ̀lú ọjọ́ méjì lára wọn. Níbo ni ₦45,000 wà láti ọjọ́ Ajé di Ọjọ́bọ̀? Ó rọrùn láti kọ ọ́ pé ó wà nínú àpótí. Ìlà kan péré ni, ìwé náà ìbá sì dọ́gba rẹ́gí. A mú kálámù, a gbé e sílẹ̀. A tún mú un. Ìyàwó wa jí, ó béèrè pé kí ni a ń kọ láti ìgbà yìí tí kò tán. Ní òru ọjọ́ náà ni a mọ ohun tí a kò kọ́ ní ilé-ìwé: pé ìwé lè dọ́gba, kí ó sì jẹ́ irọ́.

Ní òwúrọ̀ a wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsẹ̀. A bá Bàbá níbi tí ó ti ń wọn kòkó. A dọ̀bálẹ̀, a sì sọ gbogbo rẹ̀. Kò wí nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ó bu kòkó díẹ̀ nínú àpò, ó ń dà á láti ọwọ́ kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ náà ńkọ́?" A ní ara rẹ̀ ti yá. Ó ní, "Akọ̀wé, mo ti ní akọ̀wé mẹ́ta ṣáájú rẹ. Ìwé gbogbo wọn ni ó dọ́gba. Padà lọ, kí o kọ ọ́ bí ó ti rí."

A kọ ọ́. Orúkọ wa wọ ojú ìwé àwọn onígbèsè, láàrin àgbẹ̀ méjì tí ó gba owó ìṣáájú: ₦45,000, pẹ̀lú ọjọ́ tí a mú un àti ọjọ́ tí a san án. Ó wà níbẹ̀ títí di òní. Bàbá kò tún fi owó rán wa mọ́, àwa náà kò sì gba owó oníbàárà kankan gbé mọ́ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n kò gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Láti inú nǹkan wọ̀nyí, àti àwọn mìíràn tí àyè kò gbà, ni a ti ṣa ìmọ̀ràn tí ó tẹ̀lé e yìí jọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, mọ ààlà rẹ. Ẹni tí ń tọ́jú ìwé owó kì í ṣe akántáǹtì tí a fi àṣẹ sí, kò sì gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó fi ọwọ́ sí ìwé bí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ òfin. Iṣẹ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ICAN, àti ti ẹgbẹ́ ANAN tí òfin fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1993, ni èyí. Bí agbára bá wà, kí o máa ṣe ìdánwò wọn díẹ̀díẹ̀. ICAN ní ìdánwò kan fún àwọn olùrànlọ́wọ́ akántáǹtì, tí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lè máa kàwé fún ní alẹ́.

Èkejì, bí o bá fẹ́ fi orúkọ tí kì í ṣe tìrẹ gan-an ṣe òwò, lọ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní CAC, gẹ́gẹ́ bí òfin 2020 ti wí. Báńkì yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ kí ó tó ṣí ìwé owó fún ọ ní orúkọ náà.

Ẹ̀kẹta, ẹ jọ sọ iye owó kí o tó ṣí ìwé. Kọ ọ́ sórí tákàdá kan: ohun tí ìwọ yóò ṣe, ọjọ́ tí ìwọ yóò máa wá, iye tí a ó san ní oṣù, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú àwọn rìsíìtì. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ ìbátan rẹ, kí o kọ ọ́ kí ó tilẹ̀ yéni jù ti àjèjì lọ. Iṣu mẹ́wàá wa jẹ́ ẹ̀rí.

Ẹ̀kẹrin, má ṣe gbé owó oníbàárà. A ti sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, pa ẹnu mọ́. Ìwọ yóò mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè ní àdúgbò, àti ẹni tí a rò pé ó lówó tí kò ní. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ìlú wa kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Èmùré ní àárọ̀ kò fi ní dé Ìkẹ́rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀kẹfà, má ṣe kọ ìwé méjì fún òwò kan. Ọkùnrin kan bẹ̀ wá pé kí a kọ ọ̀kan fún òun àti ọ̀kan tí òun yóò fi han báńkì kí wọ́n lè yá òun lówó. A kọ̀, a sì pàdánù rẹ̀. Owó iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn ìyá ọjà mẹ́ta lọ, ó sì dùn wá ní oṣù náà. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àfọwọ́kọ wa sì ni a ó bá nínú ìwé náà ní ọjọ́ yẹn.

Èkeje, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwé tìrẹ ni kí o kọ́kọ́ kọ. Yà owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọbẹ̀. Ní ìhà tiwa, owó a máa rìn láti ìgbà tí kòkó bá ti ń wọlé ní oṣù kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí òjò bá dé, tí àgbẹ̀ ń dúró de ìkórè, oníbàárà a máa wí pé, "Ẹ ní sùúrù." Ẹni tí kò bá pa díẹ̀ mọ́ ní àsìkò kòkó, àpótí ẹlòmíràn ni ojú rẹ̀ yóò máa wò ní àsìkò òjò. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ìlú rẹ jẹ́ ibi rere láti fi irú owó bẹ́ẹ̀ sí. Àwọn ẹgbẹ́ náà a sì máa wá akọ̀wé tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Bí ẹnìkan bá bi ọ́ léèrè pé àǹfààní wo ni ó wà nínú owó tí òun yóò san fún ọ, sọ ọ̀rọ̀ owó orí fún un. Òfin owó orí tuntun, tí a fi ọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026. Nínú rẹ̀, ẹni tí iye tí a ó bu owó orí lé kò bá ju ₦800,000 lọ ní ọdún kò ní san owó orí kankan lórí rẹ̀. Lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀lé e, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a ń gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Èrè oníṣòwò ni òfin ń wò, kì í ṣe gbogbo owó tí ó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ wo ìyá onírẹsì wa. Bí ó bá tà bẹ́ẹ̀ yí ọdún po, ₦6,000,000 ni yóò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ yóò jẹ́ ₦456,000 péré. Ta ni yóò gbà á gbọ́ bí kò bá sí ìwé? Òfin fún agbowó-orí láyè láti fi òye ara rẹ̀ díwọ̀n fún ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀. Àlẹ́ẹ̀tì báńkì kò sì tó. Ó ń sọ pé owó wọlé, kò sọ pé owó ọjà ni, tàbí owó tí a yá, tàbí owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Èkó. Akọ̀wé ni yóò sọ èyí. Ìwọ náà, má ṣe gbàgbé láti fi àkọsílẹ̀ tìrẹ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ agbowó-orí Ìpínlẹ̀ Èkìtì kí oṣù kẹta ọdún tó parí.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá mú ìwé ńlá kan àti rúlà wálé, tí ó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ fún un ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó fi kọ́wọ́ fún oṣù mẹ́ta, láìgba owó, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ka ohun tí ó bá rí sí yín létí, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ yín.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin wa, a ti ránṣẹ́ sí i pé kí ó padà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. A ó bá a lọ sí Ìsẹ̀. Bàbá alágbàtà ti darúgbó, ìwé rẹ̀ sì ti pọ̀ ju ohun tí ojú wa lè máa kà ní alẹ́ lọ. Ó ti gbà kí ọmọ náà máa ràn wá lọ́wọ́. Kí ó tó kọ ìlà kan, a ó ṣí ojú ìwé àwọn onígbèsè ti ọdún náà fún un, a ó sì fi ìka sí orúkọ tí ó wà láàrin àgbẹ̀ méjì.